Ẹ Má Fi Inú Rírun Wọn Kòkòrò Àpòlúkù: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Wọṣẹ́ Ìtọ́jú
Ẹ̀yin àbúrò mi, ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi nípa Helicobacter pylori, kòkòrò kan tó ń gbé inú àpòlúkù, ni pé inú rírun kì í ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń gbé kòkòrò yìí kiri láti kékeré tí inú ò run wọ́n rí. Inú ẹlòmíràn ń ta á bí iná, kòkòrò ò sì sí níbẹ̀. Oògùn ara ríro bí ibuprofen tàbí aspirin ló dá ọgbẹ́ sí i nínú. Ẹlòmíràn tún wà tí ara tù láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó wá pa ìyókù tì, tí kòkòrò ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ásíìdì inú àpòlúkù kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò rọ́wọ́ mú. Ti èyí yàtọ̀. Ó ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ wọ inú ikun yíyọ̀ tó bo awọ àpòlúkù, ó sì ń pèsè èròjà kan, urease, tó ń sọ urea di ammonia àti carbon dioxide. Ammonia yìí ló ń rọ ásíìdì tó yí i ká lójú. Ẹ di urease mú ṣinṣin, torí òun ni a ń wá nínú méjì lára àwọn àyẹ̀wò tí a ń ṣe.

Barry Marshall àti Robin Warren ló kọ́kọ́ gbìn ín jáde ní Perth, ní Australia, ní 1982. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n máa ń da àwo tí wọ́n bá fi gbin kòkòrò nù, láìrí nǹkan kan. Ìsinmi Àjíǹde ló jẹ́ kí àwo kan pẹ́ nílé ìgbìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kòkòrò ti yọ. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Kòkòrò tí kì í yára pọ̀ sí i nìyí, ó sì wà lára ìdí tí ìtọ́jú rẹ̀ fi gùn. Ẹ má sì fojú kéré rẹ̀: ní 1994, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ní in ló ń dé ibẹ̀.

Nídìí àyẹ̀wò ni mo ti rí i tí nǹkan ń bàjẹ́ jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá ohun tí ara fi bá kòkòrò jà, ohun yẹn sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Nítorí náà, ẹ má fi í pinnu pé ẹnì kan ti sàn. Àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́ ni kí ẹ béèrè fún. Fún ti èémí, aláìsàn á gbààwẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, á fẹ́ èémí sínú àpò, á mu urea tí wọ́n fi carbon-13, irú carbon kan tí ẹ̀rọ lè dá mọ̀, sàmì sí, yóò sì tún fẹ́ èémí lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí kòkòrò bá wà, carbon náà á bá èémí jáde. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n lè fi ègé ẹran ara kékeré kan láti inú àpòlúkù sínú èròjà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè. Bí urease bá wà níbẹ̀, á di pupa.

Omeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dín ásíìdì inú kù gbọ́dọ̀ ti dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú àyẹ̀wò wọ̀nyí. Oògùn apakòkòrò àti bismuth, ọ̀sẹ̀ 4. Wọ́n ń dín kòkòrò kù láìpa á tán, àyẹ̀wò á wá sọ pé kò sí. Ẹ bi aláìsàn ní orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan èyí tó rà fúnra rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ọjọ́ 14 ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àpapọ̀ oògùn mẹ́rin ló dá mi lójú jù níbi tí a ò bá ti mọ oògùn tí kò ran kòkòrò náà mọ́: omeprazole 20 mg ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, bismuth ẹ̀ẹ̀mẹrin, tetracycline 500 mg ẹ̀ẹ̀mẹrin, metronidazole 500 mg ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Omeprazole á ṣáájú oúnjẹ ní bí ìṣẹ́jú 30. Wàrà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú ń di tetracycline lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn. Kí aláìsàn fi omi kún ife mu ún, kó má sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má baà bó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Kò sí ọtí títí metronidazole yóò fi tán àti fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. A kì í fún aboyún tàbí ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 8 ní tetracycline.

Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ẹnu rẹ̀ á máa kan bí irin, pé bismuth á sì sọ ahọ́n àti ìgbẹ́ rẹ̀ di dúdú. Ẹni tí a kò bá sọ fún á dá oògùn dúró lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ dúdú tó ń dán, tó ń lẹ̀, tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí òòyì sì ń kọ́ èèyàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ń bì ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń rù láìnídìí tàbí tí oúnjẹ ń há lọ́fun, kí wọ́n tètè fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀.

Kí ẹ tó kọ clarithromycin, oògùn apakòkòrò mìíràn tí wọ́n ń lò fún kòkòrò yìí, fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá ó ti lò ó rí, tàbí azithromycin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, fún ikọ́ tàbí ọ̀nà ọ̀fun. Bí ó bá ti lò ó, ẹ yà sí òmíràn, torí ó lè má ran kòkòrò náà mọ́.

Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn oògùn tó kẹ́yìn, ẹ tún àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́ ṣe, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ti rọlẹ̀ pátápátá. Bí kòkòrò bá ṣì wà, ẹ má tún oògùn kan náà kọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ìgbà tí kò lò ó àti ìdí tí kò fi lò ó, kí ẹ sì yan àpapọ̀ mìíràn. Bí clarithromycin bá wà nínú ti àkọ́kọ́, kó má sí nínú èyí.