Àgbọn Tí Mo Jù Sókun ní Gberefu

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì, mo sọdá ọ̀sà sí Gberefu, mo sì rin orí iyanrìn títí mo fi dé etí òkun. Mo ri èèkàn méjì mọ́lẹ̀, mítà 20 ni mo fi sí àárín wọn, mo wá ju àgbọn kan tí a kò tíì bó èèpo rẹ̀ sínú omi. Ìgbì gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, àmọ́ kò yéé sún sí ìlà-oòrùn, síhà Èkó. Ìṣẹ́jú àáyá 50 ló fi ti èèkàn kìíní dé èkejì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni wíwọn ìṣàn òkun parí sí. Kò parí síbẹ̀ rárá. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì Sẹ̀mẹ̀, tó ń ka ọkọ̀ akẹ́rù, kò tíì mọ iye àpò ìrẹsì tó wọlé títí yóò fi mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí yóò sì fi yọ èyí tó ń padà jáde kúrò nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣàn òkun: ó ní ẹrù tó ń kó. Lítà omi òkun kan ní kábọ́ọ̀nù, èròjà tó wà nínú èédú àti èéfín, bíi mílígíráàmù 25 tó ti yòrò sínú rẹ̀. Bí a bá fojú inú wo ilẹ̀kùn kan lábẹ́ omi, tí fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, omi tó ń rìn bí èyí tó gbé àgbọn mi yóò kó kábọ́ọ̀nù bíi kìlógíráàmù 36 gba ibẹ̀ kọjá láàárín wákàtí kan. Èyí tí èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ wa fi kún un kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tó fẹ́ rí i kò gbọdọ̀ ṣì í wọ̀n ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú ẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń kán májèlé mẹ́kúrì díẹ̀ sínú ìgò omi tí wọ́n bá bù: bí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú rẹ̀ bá wà láàyè, wọn yóò máa jẹ, wọn yóò máa mí, iye kábọ́ọ̀nù náà yóò sì ti yí padà kí ìgò tó dé yàrá ìwádìí.

Bàbá apẹja kan tó ń wò mí wá bi mí pé, "Ṣé omi òkè nìkan lo fẹ́ wọ̀n ni, ọmọ mi?" Ó ní nígbà mìíràn, ọkọ̀ yóò máa sún lọ sí ìlà-oòrùn, àwọ̀n tí òjé ti fà wálẹ̀ yóò sì máa fà sí ìwọ̀-oòrùn. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìṣàn Gínì tó ń gba etíkun wa kọjá lọ sí ìlà-oòrùn kò jìn lọ sísàlẹ̀. Ìṣàn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Omi ìsàlẹ̀ ló sì di ẹrù jù. Náítíréètì, tí í ṣe èròjà aṣaralóore, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú omi gbígbóná tó wà lókè, nítorí pé àwọn ewéko tíntìntín inú omi ti jẹ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá kú, wọ́n ń rì, wọ́n ń jẹrà, èròjà wọn àti kábọ́ọ̀nù wọn sì ń padà yòrò nísàlẹ̀. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù yìí máa ń ru sókè létíkun Ghana àti Côte d'Ivoire, ìgbà náà sì ni ṣawá ń pọ̀ níbẹ̀.

Àgbọn kò lè dé ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ Argo ló ń dé ibẹ̀, nǹkan bí 4,000 rẹ̀ ló sì wà káàkiri òkun ayé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí ìṣàn gbé òun ní jíjìn mítà 1,000. Ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, á rì dé mítà 2,000, á máa wọn ooru àti iyọ̀ omi bó ṣe ń gòkè bọ̀, á sì ròyìn fún sátẹ́láìtì. Díẹ̀ nínú wọn tún ń wọn náítíréètì àti ọ́síjìn. Ọ̀fẹ́ ni ìròyìn wọn fún gbogbo ayé. Mo ti ṣèlérí fún Bàbá pé bí mo bá tún sọdá, màá ṣí i lórí fóònù, kí òun náà fi ojú ara rẹ̀ rí omi tí àwọ̀n rẹ̀ ti ń bá wọ̀yá ìjà láti ọjọ́ yìí wá.