Ẹ Pè Wọ́n Ná Kí Ẹ Tó Lọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Títì

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́fà rèé tí ọtí ò tíì kan ẹnu mi. Mo mọ̀ pé kò tíì tó ohun à ń fọ́nnu lé. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mo sì fẹ́ kọ ọ́ kó tó rọlẹ̀. Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ mọ ara yín: ẹ ti wá ibi tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ti ń ṣèpàdé lórí fóònù lóru, ẹ sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ará ilé má baà rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tèmi. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mi ò ti mu nǹkan kan. Mo kọ àdírẹ́sì sẹ́yìn àpò ìwé kan, mo fi í sápò àyà, òógùn ti ń mú yíǹkì rẹ̀ ṣàn. Aago méje alẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni mo débẹ̀, èmi tí kì í tètè dé ibì kankan! Mo gba ẹ̀gbẹ́. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, ó ti dípẹtà. Mo ṣì kàn án, bí ẹni pé àgádágodo á dáhùn. Mo yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún padà wá dúró síbi kan náà, mo ń ka nọ́mbà ara ògiri, mo ń ka ìwé ọwọ́ mi, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n débi pé mi ò lè ka ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ mọ́.

Ọlọ́dẹ jáde. "Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo ní ìpàdé ni mo wá.

"Ìpàdé kí ni?"

Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹgbẹ́ akọrin."

Ó wò mí títí. "Kò sí akọrin níbí o. Àwọn kan máa ń jókòó níbí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó lọ, ó ti tó oṣù mẹ́ta." Ibo ni wọ́n kó lọ? Kò mọ̀, òun ò bi wọ́n.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó kù. Mi ò tíì rìn dé òpin àdúgbò yẹn tí mo fi yà. Ìyàwó mi ló ṣílẹ̀kùn fún mi nílé. Ó ní báwo ni ìpàdé. Mo ní ó dùn. Kò bá mi jà. Ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọlé lọ. Ó ti bú mi rí tí kò dùn mí tó ìyẹn.

Ẹnìkan á ní ẹni tó fẹ́ mutí ò nílò ilẹ̀kùn títì kó tó mu. Mo gbà. Ọwọ́ mi ló gbé e dé ẹnu mi. Àmọ́ ẹni tó bá ti rìn débẹ̀ rí mọ̀ pé ìgboyà ọjọ́ kan péré lèèyàn máa ń ní.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Ìpàdé lè ti kó lọ tipẹ́ kí àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́mbà kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ béèrè: ṣé ibẹ̀ náà lẹ ṣì wà, ṣé ti ọ̀sẹ̀ yìí máa wáyé, ta ni màá bá lẹ́nu ọ̀nà?

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó pè. Àgbàlagbà kan ló gbé e. Kò bi mí lórúkọ. "Àbúrò, ìgbà wo lo mu kẹ́yìn?" Mo ní, "Láàárọ̀ yìí ni, sà." "Ó dáa. Tó o bá dá a dúró, ṣé ọwọ́ rẹ máa ń gbọ̀n?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ́kọ́ rí dókítà. Ó ní ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, tó bá já a lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pé ó ń pa èèyàn. Ẹ wo èmi tí mo dá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì!

Dókítà fún mi lóògùn, mo lọ sípàdé, àgbà náà dúró níta pẹ̀lú fìlà pupa bó ṣe wí, mo wọlé, mo jókòó, mi ò sọ nǹkan kan, mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé oríṣiríṣi ìpàdé ló wà. Nínú Alcoholics Anonymous (AA), ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, ìpàdé kan wà tí ẹnikẹ́ni lè bá yín wọ̀, títí kan ìyàwó. Ti àwa tó fẹ́ jáwọ́ nìkan náà wà. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Wọ́n lè gbé igbá kiri, tí ẹ ò bá ní, ẹ ò ní. Tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run inú ìgbésẹ̀ 12 tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti jáwọ́ ò bá bá yín lára mu, ẹgbẹ́ míì tó ń jẹ́ SMART Recovery ti wà láti 1994, ọ̀nà míì ni wọ́n ń tọ̀. Ti orí fóònù náà wà. Ìyẹn ò ní àgádágodo, ṣùgbọ́n ẹ wo aago ìlú tí wọ́n fi kọ ọ́. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ ṣáà pè.

Ẹ̀kọ́ kẹta jọ ti àkọ́kọ́, ẹ má bínú. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ ló sọ bí AA ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, Bill Wilson, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Akron, ní Amẹ́ríkà. Òwò tó bá débẹ̀ ti dàrú, ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí nínú òtẹ́ẹ̀lì náà sì ń fà á. Fóònù ló gbé. Ó pe ẹni yìí, ó pe tọ̀hún, títí wọ́n fi mú un mọ dókítà kan, Bob Smith, tí ọtí ń bá fínra bíi tirẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún náà, tí wọ́n ní Bob mu kẹ́yìn, ni wọ́n kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́. Ẹ rí i? Fóònù ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo padà síbi ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú ìwé tí a kọ àdírẹ́sì tuntun àti nọ́mbà sí. A ti gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó nilé. Ibi tí mo ti ń lẹ̀ ẹ́ ni ọlọ́dẹ bá mi. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá wojú mi.

"Ẹ̀yin akọrin," ó ní, "ẹ jẹ́ n bá yín di etí ìwé yẹn mú."