Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wó ilé-ìwé alámọ̀ yẹn

Mo kúrò n'Ílọrin lọ sílé ní Sátidé tó kọjá, abúlé wa lọ́nà Òmù-Àrán, torí wọ́n pe ìpàdé ọmọ ìlú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ sọ. Àfi bí ẹnì kan ṣe dìde tó ní ká wó kíláàsì mẹ́ta tó wà níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, àwọn tí wọ́n fi amọ̀ mọ yẹn, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀, ni gbogbo èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́. Ó dùn mí débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ilé yẹn ṣe débẹ̀. Lọ́dún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, abẹ́ Àríwá ni àwa wà, kò kàn wá rárá. Kwara gan-an, 1967 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Abúlé tó bá fẹ́ kọ́mọ rẹ̀ kàwé nígbà yẹn, bí míṣọ̀n ò bá dá sí i, àfi kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi mọ tiwa. Bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ ọ̀hún ṣì wà lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù títí dòní.

Wọ́n á po amọ̀ lónìí, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó rọ̀, lọ́la wọ́n á tún un tẹ̀, kí wọ́n tó máa bù ú ní ìṣù-ìṣù fún ẹni tó ń mọ ọ́n. Ìpele kan kì í ju orúnkún lọ. Wọ́n á dúró kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, torí tẹ́ ẹ bá kánjú, èyí tó wà nísàlẹ̀ ò ní lè gbé èyí tó wà lókè. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe gbogbo ẹ̀, òjò ò gbọ́dọ̀ bá ògiri láìní òrùlé lórí. Lápá ibi tí ìrẹ́ ti ṣí kúrò, ẹ máa rí ìlà ìpele kọ̀ọ̀kan bó ṣe jókòó lórí èkejì, mo kà á, mẹ́fà ni.

Lẹ́yìn ìpàdé, bí aago méjì ọ̀sán, mo wọ kíláàsì tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn, kò sí àjà, páànù ló kojú sórí àwọn ọmọ tààrà, fèrèsé kojú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, mi ò lè dúró níṣẹ́jú márùn-ún. Mo wá bọ́ sínú ti àtijọ́, ara tù mí. Ògiri yẹn nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ooru sára, nígbà tí ooru ọ̀hún bá fi máa ráyè dé inú, àwọn ọmọ ti délé tipẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn kojú sí àríwá àti gúúsù, orígun tó kéré ni oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ń bá. Fèrèsé kojú síra wọn, atẹ́gùn á gba ibí wọlé á gba ọ̀hún jáde. Àjà amọ̀ wà lókè lórí igi àyìn, igi tí ikán kì í fẹ́ràn láti jẹ, ìdí nìyẹn tí ariwo òjò lórí páànù kì í fi bo ohùn tíṣà mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bò ó kí páànù tó dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i ká ń gba òjò kúrò lára ògiri, ibẹ̀ náà la ti ń jẹun nígbà tá a wà ní kékeré. Àwọn tó kọ́ ilé yìí ò lọ yunifásítì kankan, síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tí ooru ń gbà wọlé ju ẹni tó yàwòrán ti tuntun lọ.

Wọ́n ní ó ti sán. Òótọ́ ni, ògiri ẹ̀yìn sán. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ níjọ́sí, omi gba ojú ibi tó là wọlé, kò rọ́nà jáde mọ́, amọ̀ inú wá rọ̀, sìmẹ́ǹtì ọ̀hún wá ń já bọ́ tòun tamọ̀. Ilé ò ṣẹ̀, oògùn tí wọ́n lò fún un ni ò bá a lára mu.

Àwa Ìgbómìnà náà kọ́ la ni Èsìẹ́ nítòsí abúlé wa? Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, ọ̀gá tó ń bẹ ilé-ìwé míṣọ̀n wò ló jẹ́ kí aráyé gbọ́ nípa ẹ̀ ní 1933, lọ́dún 1945 wọ́n ṣí mùsíọ́mù síbẹ̀, òun ló ṣáájú gbogbo mùsíọ́mù ní Nàìjíríà. Ìgbómìnà tó tọ́jú ìyẹn ò lè sọ pé kíláàsì mẹ́ta ti pọ̀ jù fún òun.

Kí n tó kúrò, mo lọ kí bàbá kan tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ògiri láyé àtijọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?" Wọ́n ní ká kọ́kọ́ ha gbogbo sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò, ká to òkúta sẹ́sẹ̀ ògiri níbi tí òjò ti jẹ ẹ́, ká wá fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ, omi èèpo irúgbá tí wọ́n sè tó pọ́n dáadáa ni wọ́n máa fi pa á lójú kí òjò má lè wọ̀ ọ́. Irúgbá ń gbó lọ́wọ́ báyìí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wá èèpo àpò méjì, kí òjò tó dé." Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń gbé e lọ.