Bí Àdùkẹ́ ṣe gba ìbẹ́pẹ lọ́wọ́ mi

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Àdùkẹ́, odídẹrẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, fi ń jẹ ẹ̀pà àti àgbàdo gbígbẹ nìkan. Bí mo bá fún un ní èso, á gbá a dànù. Ó dùn mí, torí oúnjẹ oníkóró nìkan kì í fún ẹyẹ ní fítámì A tó.

Tàtàṣé ló ṣílẹ̀kùn. Mo ń gé èyí tí mo rà lọ́jà Láfẹ́nwá ni Àdùkẹ́ bá na ọrùn. Mo fún un ní díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ dì í mú, ó jẹ kóró inú rẹ̀ tán kó tó kan ara. Aládùúgbò mi pariwo: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ata ò ní ta á ni?” Rárá o. Ata kì í ta ẹyẹ bó ṣe ń ta àwa èèyàn.

Ìbẹ́pẹ ló le. Agbo ni odídẹrẹ́ ń rìn nínú igbó, wọn kì í dá jẹun. Nítorí náà, láràárọ̀, kí n tó bu àgbàdo fún un, mo ń jókòó tì í, mo ń jẹ ìbẹ́pẹ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó já díẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò sì fi ebi pa á rí. Àgbàdo rẹ̀ ṣì ń tẹ̀lé e.

Báyìí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ọ̀dùnkún sísè. Kí wákàtí méjì tó pé, mo ti ń kó èyí tó bá kù kúrò níwájú rẹ̀, torí ooru Abẹ́òkúta tètè ń ba oúnjẹ jẹ́. Píà nìkan ni mi ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ó lè pa ẹyẹ.