Ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti Yẹ̀rì Péńpé

Ọlidé àárín táàmù ni, nínú oṣù Kẹwàá. Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó ní kí n gbé ọmọ jáde kí òun ráyè sùn. Mo bá mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú omi kan ní London. Ká má purọ́, kì í ṣe tọmọ nìkan ni mo bá lọ. Láago méjì ọ̀sán, wọ́n fẹ́ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ lórí Cutty Sark, ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n kàn ní Scotland lọ́dún 1869 láti máa kó tíì bọ̀ láti Ṣáínà, tó wà ní Greenwich títí dòní. Ọ̀fẹ́ sì ni.

Yàrá àwọn ọmọdé la kọ́kọ́ yà sí. Olùkọ́ wọn ní okùn ara Cutty Sark nìkan gùn tó máìlì 11, ó wá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ta kókó tí wọ́n ń pè ní bowline: ehoro yọ nínú ihò, ó yí ìdí igi po, ó padà sínú ihò.

Mo ní, "Ẹ mú un wá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, okùn àti àwọ̀n la fi ń jẹun." (Tísà ni bàbá mi. Inú ọbẹ̀ ni èmi àtẹja ti mọra.) Mo ta ojóbó kan, ó tú kí n tó gbẹ́nu dúró.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi ara yín kọ́ ọ." Ọmọ ọdún méje ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ta orí okùn kan mọ́ mi níbàdí, ó ta èkejì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì.

Bí wọ́n ṣe kéde pé aago méjì ti lù, mo gbéra. Ìṣísẹ̀ kejì, nǹkan gbá mi nídìí mú. Mo wẹ̀yìn: bẹ́ǹṣì ń tẹ̀ lé mi, àwọn ọmọ méjì tó ń jẹ bisikíìtì lórí ẹ̀ ń pariwo pé kí n tún fà á. Mo fà á lóòótọ́. Mo fà á títí mo fi làágùn.

"Dádì, ẹ yéé fà á! Tẹ́ ẹ bá ń fà á, kò ní tú láéláé. Ẹ padà sẹ́yìn."

Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn táwọn atukọ̀ fi máa ń ta irú ẹ̀ mọ́ ẹni tó bá já sómi: kò ní tú, kò sì ní fún un pa. Mo padà sẹ́yìn, okùn dẹ̀, ọmọ fi àtàǹpàkò tì í lẹ́ẹ̀kan, ó tú lẹ́sẹ̀ bẹ́ǹṣì. N ò dúró gbọ́ tìbàdí.

Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé. Àwòrán obìnrin tí wọ́n gbẹ́ síwájú ọkọ̀ náà wà lára ògiri, ó na ọwọ́ tó mú ìrù ẹṣin. Èmi rò pé ìrùkẹ̀rẹ̀ ni, mo ń wò ó pé ọba wo ló fi obìnrin yìí joyè. Àṣé àjẹ́ inú ìtàn kan ni. Yẹ̀rì péńpé ló wọ̀, òun náà ni ìtumọ̀ orúkọ ọkọ̀ ọ̀hún lédè àwọn ará Scotland. Ó lé ọkùnrin kan tó gẹṣin títí dé orí afárá, ọkùnrin náà bọ́, ìrù ẹṣin ló kù sí i lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń fún ara mi kọjá láàárín àga ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Olùbánisọ̀rọ̀ dákẹ́, ó ń wo ẹ̀yìn mi. Èmi náà wò ó. Okùn funfun ń wọ́ nílẹ̀ lábẹ́ kóòtù mi.

Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹṣin ti rí ìrù ẹ̀ gbà padà."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

"Dádì! Wọ́n ní kẹ́ ẹ dá okùn àwọn padà."