Inú Kábà Ni Mo Gbé Lọ́dún Yìí

Ní oṣù kìíní, ohun mẹ́rin ni mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé àkọsílẹ̀ mi: kí n yẹ kábà àtijọ́ mẹ́fà wò tinú-tẹ̀yìn, kí n ya pátánì mẹ́rin, kí n fọwọ́ rán ẹ̀dà kan parí, kí n má sì ra kábà kankan mọ́. Oṣù kejìlá ti ń parí lọ. Kábà mẹ́ta ni mo yẹ̀ wò, pátánì kan àtààbọ̀ ni mo yà, ẹ̀dà tí mò ń rán kò sì tíì lápá. Ti rírà yẹn, ẹ má bi mí.

Àwọn kábà tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn aránṣọ ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fọwọ́ rán kí ẹ̀rọ ìránṣọ tó gbòde, àti èyí tí wọ́n rán nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Tẹ́lẹ̀, iwájú ni mo máa ń wò: léèsì, bọ́tìnnì, bí ìbàdí ṣe rí. Ní báyìí, kí n tó wo iwájú rárá, mo ti yí inú rẹ̀ síta.

Èyí tó là mí lójú jù kì í ṣe tèmi. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan gbà mí láyè wákàtí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábà ṣẹ́dà kan tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1760. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án; olùtọ́jú ló ń bá mi yí i, èmi ń yàwòrán. Mo kọ́kọ́ fojú kéré ẹni tó rán an. Láínì apá òkè, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, há pinpin, ojú ìrán rẹ̀ wẹ́wẹ́, àmọ́ ti síkẹ́ẹ̀tì jìnnà síra wọn, àfi bíi pé ẹni tó ń rán an ń sáré lọ síbì kan. Mo ní iṣẹ́ ti sú u ni. Olùtọ́jú kò dá mi lóhùn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì dá tọ́ọ̀ṣì náà dùbúlẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí aṣọ. Ìgbà náà ni mo rí i: ihò abẹ́rẹ́ tò lọ níbi tí kò sí òwú kankan, ilà ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ po rí sì hàn, tí àwọ̀ inú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ ju ti ìta lọ. Wọ́n ti tú kábà yẹn rí, wọ́n sì ti tún un rán.

Nígbà yẹn, aṣọ ló wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ kò wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun ṣẹ́dà, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà ju nǹkan bí íǹṣì 20 lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó jẹ́ gé e ní ìgékúgèé. Ibi tí kò bá tó, wọ́n á fi ègé kún un. Òkè ni ara ń fà, òun ló yẹ kó há. Síkẹ́ẹ̀tì tó kàn rọ̀ sílẹ̀, kí ló ń fà á? Aránṣọ tó bá rán an há, ìyà ló dá sílẹ̀ fún ẹni tó máa tú u lọ́la, ó sì lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀. Mo fi ọkàn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tó rán kábà náà.

Àṣìṣe tèmi gan-an nìyí. Mo ti kọ 1845 sára àpótí kábà òwú kan tí mo ní, torí gbogbo ibi tí mo wò ni wọ́n fọwọ́ rán. Elias Howe gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1846, Isaac Singer gba tirẹ̀ ní 1851. Mo ní tèmi ṣáájú wọn, mo sì ti fọ́nnu káàkiri. Ní oṣù kẹfà, mo fi awò wo abẹ́ ìgbànú rẹ̀. Ìlà ìrán kan wà nínú láínì níbẹ̀, kò gùn tó ìka: ó dọ́gba níwájú, ó dọ́gba lẹ́yìn, òwú méjì sì kọ́ ara wọn láàárín. Ọwọ́ kì í rán báyẹn. Bí èèyàn bá ń dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn bó ṣe ń rán, iwájú lè jọ ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn, òwú á máa gun orí ara wọn. Mo pa 1845 rẹ́.

Síkẹ́ẹ̀tì kábà kan náà yìí ló gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń rán ẹ̀dà rẹ̀. Yàrádì mẹ́rin aṣọ ló gbọ́dọ̀ wọ ìgbànú íǹṣì 26. Ìlà ìrán mẹ́ta ni èèyàn á kọ́kọ́ rán sétí òkè aṣọ, abẹ́rẹ́ ìlà kejì àti ìkẹta á sì máa wọlé gẹ́lẹ́ lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Tó bá fa òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ á dìde dúró bí ewé ìwé. Ìṣẹ́po 274 ni mo kà, mo sì fi abẹ́rẹ́ gán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ìgbànú. Ìgbà àkọ́kọ́, ìlà kejì mi wọ́, mo tú gbogbo rẹ̀. Òwú tí mo fi ìda oyin pa kò ta kókó, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ya. Ṣẹ́dà dúdú ni, ti apá ìparí ọ̀rúndún 19. Bí wọ́n bá bọ́ gọ́ọ̀mù ara ṣẹ́dà kúrò, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń dín kù gan-an, àwọn oníṣòwò ìgbà náà sì máa ń fi iyọ̀ tánńganran, ìyẹn kẹ́míkà kan tó ní tánńganran nínú, dá ìwọ̀n náà padà. Iyọ̀ yìí ló ń jẹ okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì tún fi í kọ́ hángà lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní àárọ̀, èjìká òsì ti là gbọọrọ, ègé wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè bá jà. Gbogbo wọn ti ń dùbúlẹ̀ sínú àpótí báyìí.

Ó ku apá ẹ̀dà mi. Ihò apá kábà wọ̀nyẹn kéré, ó wọ inú ẹ̀yìn lọ, ìrán èjìká pàápàá kò sí lórí èjìká, ẹ̀yìn ló sún lọ. Bí mo ṣe ń rán apá aṣọ òde òní ni mo ṣe rán an lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń yí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Apá òsì ti wọlé lánàá, lẹ́ẹ̀kẹta. Apá ọ̀tún ṣì wà lórí tábìlì, pínnì mọ́kànlá lára rẹ̀.