Sáfà abẹ́ tábìlì: ihò tó ń pààrọ̀ orúkọ lóru

Ọ̀sẹ̀ kìíní, Sátidé

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ kan ni. Mo rà á ní Computer Village n'Ìkẹjà, mo sì gbé e sórí itan nínú ọkọ̀ èrò títí a fi dé Ìwó Road n'Ìbàdàn. Ihò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo ló bá a wá, ni mo bá ra káàdì oníhò mẹ́rin kún un, òun náà tòkunbọ̀. Linux ni mo gbé lé e, Debian 12.

Iṣẹ́ méjì péré ni mo fẹ́ kó máa ṣe. Kó dúró láàárín módẹ́ẹ̀mù àti ilé bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì, kó sì máa tọ́jú fọ́tò àwọn ọmọ, nítorí fóònù ìyá wọn ti jábọ́ sómi lẹ́ẹ̀kan, ó sì kó ọdún méjì lọ.

Ihò ara ẹ̀rọ ń jẹ́ `eno1`. Ti orí káàdì ń jẹ́ `enp1s0f0` títí dé `enp1s0f3`. Okùn módẹ́ẹ̀mù wọ `eno1`, okùn ilé wọ `enp1s0f0`. Ó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kan. Ó yẹ kí n ti fura.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Sátidé

Mo fi dísìkì NVMe sí i kí àyè fọ́tò lè gbòòrò. Skúrù kan, ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dé ẹ̀rọ padà, mo tàn án. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ láti pálọ̀: "Dádì, Wi-Fi ti lọ o!"

Dísìkì wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. `ip -br link` ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: kò sí `enp1s0f0` mọ́. `enp2s0f0` ló jókòó síbi tí ó wà.

Àlàyé rẹ̀ rèé, nítorí èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. `en` ni ethernet. `p1` ni nọ́ńbà ọ̀nà PCI (ọ̀nà tí káàdì fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) tí káàdì wà lórí rẹ̀, `s0` ni ihò tó wà lọ́nà náà, `f0` ni ẹ̀ka àkọ́kọ́ lára káàdì kan náà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí ló máa ń ka àwọn ọ̀nà yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ronú sí bí a ṣe ń júwe ilé: "ilé kẹta lápá òsì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí." Bí ẹnì kan bá wá kọ́lé sórí ilẹ̀ òfìfo tó wà láàárín, ilé kẹta di ilé kẹrin, bẹ́ẹ̀ onílé ò kó ẹrù kúrò níbì kankan. NVMe mi, tí òun náà ń lo ọ̀nà PCI, ni ilé tuntun. Òun ló gba nọ́ńbà 1, ló bá ti káàdì mi sí 2. `eno1` ò yẹsẹ̀ ní tiẹ̀, torí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi lé ihò ara rẹ̀ lọ́wọ́ ló ń jẹ́.

Wi-Fi tó lọ kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Nínú òfin nftables (ètò ọlọ́dẹ tó ń pinnu ohun tó lè wọlé àti ohun tó lè jáde) tí mo kọ, `iif "enp1s0f0"` ni mo lò. `iif` máa ń wá ihò náà lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ń ka òfin wọlé. Bí kò bá rí i, á ní `Interface does not exist`. Gbogbo fáìlì náà sì ni yóò kọ̀, kì í ṣe ìlà kan yẹn nìkan, nítorí nft kì í ka ààbọ̀. Ìyẹn ni pé ọlọ́dẹ mi ò wá síbi iṣẹ́ rárá lọ́jọ́ náà, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu fún bí wákàtí méjì tí mo fi ń wá okùn kiri. Ọpẹ́lọpẹ́ módẹ́ẹ̀mù tó wà níwájú. Mo ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí `iifname`, tó jẹ́ pé orúkọ lásán ló ń fi wé orúkọ. Bí ihò ò bá sí, òfin yòókù á ṣì wọlé.

Mo yí 1 sí 2 nínú fáìlì gbogbo. Nẹ́tì dé. Inú mi ò dùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Tusidé

Mo rí ọ̀nà àbùjá. Bí a bá fi `net.ifnames=0` sínú `/etc/default/grub`, tí a sì sáré `update-grub`, gbogbo ihò á padà sí orúkọ àtijọ́: `eth0`, `eth1`, `eth2`. Ó mọ́ lójú, ó rọrùn lẹ́nu. Mo tún gbogbo fáìlì kọ: `eth0` fún ìta, `eth1` fún ilé. Mo pa á, mo tàn án, lẹ́ẹ̀mẹta, kò yẹ̀. Mo ní mo ti parí ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Sọ́ńdè

Mi ò tíì parí nǹkan kan.

Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Bátìrì inverter wa ti darúgbó, kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná, ẹ̀rọ ti kú, ó ti jí. Nígbà tó máa jí, ilé ò rí nẹ́tì. Mo gbé skrín àti kíbọ́ọ̀dù lọ bá a lábẹ́ tábìlì, mo fi iná fóònù sẹ́nu bí ẹni ń jẹ igi ìfọyín. Ihò ara ẹ̀rọ, tó jẹ́ `eth0` láàárọ̀, ti di `eth4`. Káàdì ló kó `eth0` dé `eth3`. Òfin tí mo kọ fún ìta ti bọ́ sórí okùn ilé, òfin ilé bọ́ sórí ihò tí okùn kankan ò wọ̀.

Mo tún un tàn láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó padà sí bó ṣe wà. Mo tún un tàn. Ó tún yí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Mọ́ńdè

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti pẹ́ nídìí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mo kí wọn, mo rojọ́. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ tán.

"Àbúrò, ta ni Táyéwò nínú ìbejì?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Bó bá wá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bí àwọn ìbejì yẹn ńkọ́? Ta ni yóò máa jẹ́ Táyéwò?"

Mo dákẹ́.

"Ohun tí `eth0` jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọjú. Lọ wo àkọsílẹ̀ ìjí ẹ̀rọ rẹ."

Mo lọ wò ó. `journalctl -k -b -1`, mo fi grep ṣa `igb` àti `e1000e`. Dírẹ́bà méjì ló wà: `igb` ló ń wa káàdì, `e1000e` ló ń wa ihò ara ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gbéra. Lọ́jọ́ tí `e1000e` bá yára, òun ló gba `eth0`. Lọ́jọ́ tí `igb` bá ṣáájú, káàdì á kó nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ. Àárín ìlà méjèèjì nínú àkọsílẹ̀ náà ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí dánfó méjì ṣe ń sáré sí èrò kan ṣoṣo ní búsítọ́ọ̀pù ló rí. Ìgbà mẹ́ta tí mo fi dán an wò lọ́jọ́sí, oríire lásán ni.

Ìdí rèé tí systemd 197 (ètò tó ń jí àwọn iṣẹ́ inú Linux) fi mú orúkọ `enp` àti `eno` wọ̀nyí jáde ní 2013, tí Debian náà sì gbà á fún àwọn tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ ní tuntun láti Debian 9 ní 2017. Èmi ló fọwọ́ ara mi yọ oògùn náà dànù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Wẹsidé

Kí n tó padà pe ẹ̀gbọ́n, mo gbìyànjú ọgbọ́n àtijọ́ kan: òfin udev (ètò tó ń sọ ihò lórúkọ bí wọ́n bá ṣe ń yọjú) tó so orúkọ `eth` mọ́ nọ́ńbà MAC. Kò gbà. Nínú àkọsílẹ̀:

`Failed to rename network interface 2 from 'eth0' to 'eth1': File exists`

Ó yé mi kí n tó kà á tán. Èmi ń fa `eth1` fún un, kernel (ọkàn Linux) sì ti fún ẹlòmíràn. Ẹni méjì ò lè jẹ́ orúkọ kan nínú ilé kan. Ẹ má lo `eth` fún orúkọ tí ẹ bá fọwọ́ ara yín sọ, ẹ jọ̀wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní: "Fi orúkọ àmútọ̀runwá wọn dá wọn mọ̀, kí o wá sọ wọ́n lórúkọ tó wù ọ́." Àmútọ̀runwá ihò ni MAC tí wọ́n tẹ̀ sí i lára láti ilé iṣẹ́. Ó lè pẹ́ wá, ó lè tètè dé, ó lè kó lọ sí ilé kẹwàá, òun náà ni.

Ó wá kù kí n mọ ihò tó ni MAC wo. Mo padà sábẹ́ tábìlì. `ethtool -p enp2s0f0 10` (mo ti yọ `net.ifnames=0` kúrò) máa ń jẹ́ kí iná ihò náà ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mo ṣe é fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi ọkùnrin dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń pariwo "Èyí! Èyí ló ń ṣẹ́jú!", èmi ń fi bíró kọ lẹ́tà méjì ìparí MAC sórí sẹ́lótéèpù, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwọn ti káàdì tẹ̀lé ara wọn: 4c, 4d, 4e, 4f. Ti ara ẹ̀rọ parí sí b1. A lẹ̀ ẹ̀kan ní ìdorí kodò, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Fáìlì ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Èyí ni `/etc/systemd/network/10-ile0.link`:

`[Match]`
`PermanentMACAddress=xx:xx:xx:xx:xx:4c`
`[Link]`
`Name=ile0`

Ìta ń jẹ́ `ita0`, ilé ń jẹ́ `ile0`. Orúkọ ihò ò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 15 lọ, nítorí náà mi ò lè kì wọ́n ní oríkì. Mi ò sì fi àmì ohùn sí i, mi ò tún fẹ́ wàhálà. 10 tó ṣáájú orúkọ fáìlì ló jẹ́ kí systemd kà á kó tó dé `99-default.link` tirẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ihò mu ló ń lò.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n má kọ `MACAddress` nìkan. Bí mo bá dá VLAN (ihò àfọgbọ́ndá lórí ihò gidi) sórí `ile0` lọ́la, MAC bàbá rẹ̀ ni yóò jogún, òun náà á sì máa du orúkọ náà. `PermanentMACAddress` kì í tan ni jẹ, èyí tó wà lára irin ló ń wò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Tọ́sìdé

Mo tàn án, orúkọ ò yí. Ó ṣì ń jẹ́ `enp2s0f0`. Mo ka fáìlì mi títí ojú fi ń ro mí. `udevadm test-builtin net_setup_link /sys/class/net/enp2s0f0` ní fáìlì mi gan-an ló bá a mu, `ile0` ló sì yẹ kó jẹ́. Kí ló wá dé?

Initramfs ni. Àti inú ètò kékeré tó ń ṣáájú yẹn ni wọ́n ti ń sọ ihò lórúkọ, ẹ̀dà àná ló sì wà nínú rẹ̀, kò mọ̀ pé mo kọ nǹkan tuntun. `update-initramfs -u`, mo tún un tàn. `ita0`. `ile0`. Mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Sátidé

Mo yọ NVMe, mo tàn án. Mo dá a padà, mo tàn án. Mo kó káàdì lọ sí ihò PCI kejì, mo tàn án. Mo fa wáyà iná yọ lójijì, lẹ́ẹ̀mẹ́fà (ẹ má ṣe èyí tí fọ́tò bá wà lórí dísìkì yín, mo ti kó tèmi síbòmíràn). Ọ̀nà káàdì ti di 4 báyìí lójú `lspci`. `ile0` ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. `nft list ruleset` pé perepere nígbà gbogbo.

Ó ní ibi tó kù sí. Bí káàdì yìí bá jóná, èyí tí mo bá rà rọ́pò á gbé MAC tirẹ̀ wá, fáìlì mi ò ní dá a mọ̀. Mo ti kọ ìyẹn sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn ẹ̀rọ níbi tí mo ti máa rí i bí mo bá ṣí i.

Ìyá àwọn ọmọ ra módẹ́ẹ̀mù USB lánàá kí nẹ́tì má baà máa já nígbà tí ti ilé bá lọ. Orúkọ tí ẹ̀rọ fún un ni `enx` àti lẹ́tà MAC méjìlá lẹ́yìn rẹ̀, ó kún 15 tán pátá. `ita1` ni yóò máa jẹ́. Mo ń wá sẹ́lótéèpù.